Ìlú Ló Lọbẹ̀

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Ítálì ni, ẹni tí ó bá rìn ín já yóò fi tirẹ̀ kún un pé ìlú ló lọbẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ oúnjẹ mọ́ orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọ ilé oúnjẹ kan níbẹ̀, tí ó jókòó, tí ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ilẹ̀ Ítálì wá fún òun, ìbéèrè tí ó tọ́ kí wọ́n fi dá a lóhùn ni pé: oúnjẹ ìlú wo? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi rárá. Òun ni ìlẹ̀kùn tí àlejò gbọdọ̀ gbà wọlé, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìlú tí oúnjẹ ti wá kò tíì mọ oúnjẹ náà, bí ó tilẹ̀ ti jẹ ẹ́ yó.

Bí a bá mú ìlú Bologna ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé ni dáadáa. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní sìpàgẹ́tì Bologna, èyí tí í ṣe sìpàgẹ́tì gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ lé lórí. Àlejò tí ó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré a máa rò pé bí òun bá ti dé Bologna, òun ti dé orísun rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu a sì yà á nígbà tí ó bá gbọ́ pé wọn kì í sè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹran náà wà lóòótọ́, ragù ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n sìpàgẹ́tì kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tagliatelle ni, pásítà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà àti ẹyin pò, tí wọ́n fi igi tẹ́ títí tí ó fi fẹ́lẹ́, kí wọ́n tó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ará Bologna kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1972, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Accademia Italiana della Cucina ní ìlú náà lọ fi ìwọ̀n tagliatelle sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìṣòwò Bologna. Wọ́n ní bí wọ́n bá sè é tán, fífẹ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ mìlímítà 8, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ìdá 12,270 gíga ilé-ìṣọ́ Asinelli tí ó dúró ṣánṣán láàárín ìlú. Wúrà ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1982, wọ́n tún padà lọ síbẹ̀, wọ́n fi ìlànà sísè ragù náà sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé, irú ìlú wo ni í fi ilé gíga wọn pásítà? Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀ tí ó gbin pèrègún sí ààlà oko rẹ̀. Wọ́n rí i pé orúkọ ìlú wọn ti dé ibi tí ọwọ́ wọn kò tó, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ rí ààlà tí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó mú kí oúnjẹ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú báyìí kò ṣòro láti mọ̀. Èkíní ni pé ìjọba kan ṣoṣo kò pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ọdún 1861 ni Ítálì di orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ ọba kan, ọdún 1870 ni Róòmù sì tó bọ́ sínú rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọba ni níhìn-ín, ìjòyè ni lọ́hùn-ún, póòpù pàápàá sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ láàárín; olúkúlùkù ní owó tí ó ń ná, ibodè tí ó ń ṣọ́ àti èdè àdúgbò tí ó ń sọ. Èkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní àríwá, níbi tí odò Po ti ń ṣàn nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ olómi, màlúù ń rí koríko jẹ, bọ́tà ni wọ́n sì fi ń se oúnjẹ. Ìrẹsì ń ṣe dáadáa ní Vercelli, Novara àti Pavia. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìrẹsì tí òdòdó sáfúrónì sọ di aláwọ̀ wúrà ni ará Milan fi ń yangàn. Ní gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń mú tí òjò kò sì pọ̀, igi ólífì àti àlìkámà líle ni ilẹ̀ gbà, òróró àti pásítà gbígbẹ sì ni ti ibẹ̀. Ní erékùṣù Sísílì, ní ìlú Trapani, ẹni tí ó bá retí pásítà yóò bá couscous tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹja jẹ, nítorí pé òkun tí ó wà láàárín wọn àti Àríwá Áfíríkà kò fẹ̀, oúnjẹ sì ti ń bá ọkọ̀ ojú omi rìn láti ìgbà pípẹ́.

Ní Genoa, níbi tí òkè ti ti ìlú mọ́ etí òkun, kò sí àyè púpọ̀ fún agbo màlúù; ewé ni wọ́n kọjú sí. Ewé kan tí í ṣe ìbátan ẹfinrin ni wọ́n ń já, wọn a sì gún un nínú odó òkúta pẹ̀lú aáyù, iyọ̀, èso igi páìnì, wàràkàṣì àti òróró ólífì, títí yóò fi di ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọn kì í gbé kaná. Pesto ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìró ọmọ odó náà, tí òórùn ewé náà sì ta sí i nímú, kò ní wá ògbufọ̀. Ní Tuscany ẹ̀wẹ̀, wọn kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì. Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ bù ú jẹ a rò pé ẹni tí ó pò ó gbàgbé ni. Kò gbàgbé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wàràkàṣì àgùntàn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ti ní iyọ̀ tó fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbì kan, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Nínú àwọn tí ó kó àwọn oúnjẹ ìlú wọ̀nyí jọ sínú ìwé, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Pellegrino Artusi. Wọ́n bí i ní Forlimpopoli, ní ẹkùn Romagna, ní 1820. Kì í ṣe alásè. Oníṣòwò ṣẹ́dà ni ní Florence. Ohun tí ó sì gbé e dé Florence kò dùn létí. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1851, ìgárá ọlọ́ṣà kan tí wọ́n ń pè ní Il Passatore kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Forlimpopoli. Wọ́n ká àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú mọ́ inú gbọ̀ngàn eré, wọ́n sì ń jà wọ́n lólè láti ilé dé ilé. Wọn kò dá ilé Artusi sí, ìpayà ọjọ́ náà sì da orí ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin rẹ̀ rú. Ìdílé náà kó kúrò nílùú. Nígbà tí ọkùnrin yìí ti dàgbà, tí ó sì ti fi òwò sílẹ̀, ó fara mọ́ ìdáná pẹ̀lú àwọn méjì tí ń bá a ṣiṣẹ́ nílé, Francesco Ruffilli àti Marietta Sabatini, wọ́n ń dán oúnjẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń tẹ̀wé kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, owó ara rẹ̀ ni ó fi tẹ ìwé náà jáde ní 1891. Oríṣi oúnjẹ 475 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà ti ń dé ilé, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń padà bọ̀ láti ìlú oríṣiríṣi, tí àwọn ìyàwó ilé ń sọ bí wọ́n ti ń se tiwọn. Ìwé náà sì ń wú sí i títí tí oúnjẹ inú rẹ̀ fi di 790, kí Artusi tó kú ní 1911. Àwọn méjì tí ó bá a dúró ti iná ni ó fi èrè ìwé náà sílẹ̀ fún.

Síbẹ̀, ojú ẹni tí ó kọ ìwé ni ìwé fi ń wòye. Oúnjẹ Romagna, níbi tí wọ́n ti bí Artusi, àti ti Tuscany, níbi tí ó gbé, ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ti gúúsù kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Kì í ṣe pé gúúsù kò ní ọbẹ̀. Ojú ẹni tí ó kọ ìwé náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ kọ sí ibẹ̀.

Nígbà tí ó yá, oúnjẹ bọ́ láti inú ìwé ìdáná sí ojú ọ̀nà. Touring Club Italiano, ẹgbẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá sílẹ̀ ní Milan ní 1894, tẹ ìwé Guida gastronomica d'Italia jáde ní 1931. Ìwé atọ́nà ni. Ó ń to ohun tí arìnrìn-àjò lè bá pàdé lórí tábìlì láti ẹkùn dé ẹkùn. Ní 1957, òǹkọ̀wé Mario Soldati kó àwọn tí ń ya àwòrán tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn, ó tẹ̀ lé odò Po láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tí ó ti ń wọ inú òkun, ó ń wá oúnjẹ tí kò lábùlà. Ìgbà tí ó ṣe èyí ṣe pàtàkì. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá ní Milan àti Turin. Ẹ̀rọ sì ti ń gba iṣẹ́ mọ́ ọwọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Soldati dàbí ọmọ tí ó sáré wálé wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu baba rẹ̀ kí baba tó sùn.

Ẹni tí ó bá ń wá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kiri, tí ó sì yà sí Vicenza ní àríwá-ìlà-oòrùn, yóò bá ohun kan pàdé níbẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Pánla ni. Ẹja kan náà tí àwọn ará Lofoten ní ilẹ̀ Nọ́wè ń sá sórí igi nínú afẹ́fẹ́ òtútù láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, tí ó ń wọ ọjà Nàìjíríà, tí orí rẹ̀ pàápàá ń wọ̀ ọ́, ni ó ń wọ ọjà Vicenza. Ìtàn sọ pé ọkọ̀ Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, fọ́ ní òkun àríwá. Òun àti ìwọ̀nba àwọn tí ó kù gúnlẹ̀ ní erékùṣù Røst ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1432. Àwọn apẹja ibẹ̀ gbà wọ́n sílé, wọ́n sì bọ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹja tí wọn kì í fi iyọ̀ sí, tí ó gbẹ bí igi, tí kì í sì í bàjẹ́. Nígbà tí Querini padà délé, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń sè é ní Vicenza nìyí. Wọn a lù ú kí ó lè rọ̀, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọn a sì máa pààrọ̀ omi náà. Lẹ́yìn èyí, wọn a tò ó sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà, wàrà, òróró ólífì, wàràkàṣì rírin àti ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀, wọn a sì gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Wọn kì í fi síbí rò ó. Ìkòkò ni wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọkà àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní polenta, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àlejò tí ó bá ń kánjú kò lè rí i jẹ bí ó ti yẹ, nítorí pé alásè tí yóò gbé e kalẹ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é láti ìjẹta.

Ṣùgbọ́n ọkà àgbàdo yìí ní ìtàn tí ìwé atọ́nà kì í sábà sọ. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti dé Yúróòpù lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ti di oúnjẹ àwọn tálákà tí ń roko olóko ní àríwá Ítálì. Àlìkámà àti ẹran ni ti onílẹ̀. Polenta ni ti ẹni tí ń ro ó. Wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, láìsí ẹran, láìsí wàrà. Àìsàn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín wọn. Awọ ara wọn ń bó, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, orí wọn ń dàrú, ikú sì ń tẹ̀ lé e. Ní 1771, oníṣègùn kan ní Milan, Francesco Frapolli, kọ nípa rẹ̀ lábẹ́ orúkọ pellagra, èyí tí í ṣe awọ líle. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá jà ni wọ́n kó lọ sí ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ tí ó wà ní erékùṣù San Servolo ní Venice. Ọ̀rúndún ogún ni ìmọ̀ tó fi hàn pé èròjà kan tí ń jẹ́ niacin ni ara wọn kò rí gbà nínú àgbàdo tí wọ́n ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ni àgbàdo, ti ń fi omi eérú tàbí ti ẹfun òkúta sè é kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, èyí tí ó ń tú èròjà náà sílẹ̀ fún ara láti lò. Yúróòpù gba irúgbìn, kò gba ọgbọ́n tí ó bá a wá.

Lónìí, polenta ti di oúnjẹ iyì ní Vicenza. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí àlejò jẹ ẹ́, kí ó sì yìn ín. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ọ̀pọ̀ ohun tí ìwé atọ́nà ń pè ní adùn ìlú, àìní ni ó bí i. Ìyá tí kò ní ẹran tí ó tó ni ó wá ọgbọ́n tí díẹ̀ yóò fi dùn tó púpọ̀. Ohun tí ó pa àwọn baba ńlá ni àwọn ọmọ ń fi ṣe àlejò, nítorí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Nígbà tí oúnjẹ bá ti di iyì, yóò di owó. Bí ó bá sì ti di owó, orúkọ rẹ̀ yóò nílò olùṣọ́. Wàràkàṣì tí ń jẹ́ Parmigiano Reggiano ni ẹ̀rí èyí. Parma, Reggio Emilia, Modena, apá kan Bologna àti apá kan Mantova nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é. Wàrà màlúù tí ó tó nǹkan bí lítà 550 ni yóò di odindi kan ṣoṣo tí ó wọ̀n tó kílò 40, yóò sì wà lórí pẹpẹ fún oṣù méjìlá ó kéré tán kí wọ́n tó lè tà á. Ní ẹkùn náà, ilé ìfowópamọ́ wà tí ń gba wàràkàṣì yìí bí ohun ìdógò lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Ní 1996, òfin Yúróòpù gba orúkọ rẹ̀ wọlé pé ti ibẹ̀ nìkan ni. Ní 2008 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ kan tí ó kan ilẹ̀ Jámánì, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá pe Parmesan, ọkàn ẹni tí ó gbọ́ yóò lọ sọ́dọ̀ Parmigiano Reggiano. Nítorí náà, orúkọ náà kì í ṣe èyí tí wàràkàṣì mìíràn lè jẹ́ bí ó ti wù ú. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ẹkùn náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, pẹpẹ wó, ọ̀kẹ́ àìmọye wàràkàṣì sì ya lulẹ̀. Àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn rà á bẹ́ẹ̀, kí òwò náà má baà kú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Amatrice jẹ́ ìlú kékeré kan láàárín òkè, ní ìlà-oòrùn àríwá Róòmù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe amatriciana, ọbẹ̀ pásítà tí wọ́n ń fi ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, wàràkàṣì àgùntàn àti tòmátì sè. Àwọn ọmọ ìlú náà tí wọ́n lọ ṣe alásè ní Róòmù ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀, tí ó fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ilẹ̀ mì níbẹ̀, àárín ìlú sì wó palẹ̀. Àwọn tí ó kú ní Amatrice àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ó kù tí wọn ì bá fi ṣe ọdún ọbẹ̀ náà, tí àlejò ì bá sì kún inú ìlú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta amatriciana fún ìrànlọ́wọ́: lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó jẹ ẹ́ yóò dá owó yúrò kan, ẹni tí ó tà á yóò dá yúrò kan. Ọbẹ̀ tí ìlú bí di ọmọ tí ó padà wá gbé ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí ó dé tí ènìyàn fi ń bínú nítorí orúkọ oúnjẹ, Amatrice ni kí ó wò. Bí kò bá sí orúkọ ìlú lára ọbẹ̀ náà, ta ni ì bá rántí ìlú náà nígbà tí ó jẹun?

Bí ó ti wù kí ó rí, ọwọ́ tí ń gbé ìlú ró náà lè bì í wó. Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ní Venice, àwọn tí ń gbé inú ìlú àtijọ́, tí wọ́n tó nǹkan bí 175,000 ní 1951, ti dín sí 50,000 láti ọdún 2022. Ilé gbówó lórí nítorí àlejò, onílé sì rí i pé àlejò ń sanwó ju ará ilé lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 lọ́wọ́ àlejò tí ó bá wá fún ọjọ́ kan péré ní àwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ní Florence, ní 2018, ìjọba ìlú fi òfin de jíjókòó jẹun sí ẹ̀bá ọ̀nà ní àwọn òpópónà kan, nítorí pé àwọn tí ń wá búrẹ́dì ẹlẹ́ran jẹ ti dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn onílé. Àlejò kì í jẹ oúnjẹ nìkan. A máa jẹ ìlú pẹ̀lú. Bí alápatà bá kó lọ, tí ẹlẹ́ja kó lọ, tí kò sì sí ìyá tí ń lọ sọ́jà mọ́, ta ni yóò kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ náà? Ilé oúnjẹ yóò ṣì máa gbé e kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n yóò ti di ère tí ẹ̀mí ti jáde lára rẹ̀.

Àwọn kan rí ewu yìí kí ó tó dé ojú gbogbo ayé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 1985 gba àgbẹ̀ láàyè láti gba àlejò sínú oko rẹ̀, kí ó sì fi ìkórè oko náà bọ́ ọ, kí owó àlejò lè dé ọwọ́ ẹni tí ó gbin nǹkan. Ní 1986, nígbà tí ilé oúnjẹ àyáragbé ti Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn ní gbàgede kan tí ó lókìkí ní Róòmù, àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì fi pásítà bọ́ àwọn tí ń kọjá. Carlo Petrini, ọmọ ìlú Bra ní Piedmont, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ẹgbẹ́ Slow Food jáde láti ibẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìpinnu rẹ̀ ní Paris ní 1989. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn irúgbìn, ẹran àti oúnjẹ tí ó fẹ́ parun sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò rà á, kí ẹni tí ń ṣe é má baà fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ni ni pé jíjẹ ni ó ń dá oúnjẹ sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni í mú jíjẹ yẹni.

Bóyá ní erékùṣù Sardinia ni ìwọ̀n náà ti hàn kedere jù. Ní ìlú Nuoro, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ti ń ṣe pásítà tí ń jẹ́ su filindeu, èyí tí í ṣe okùn Ọlọ́run. Ìyẹ̀fun àlìkámà líle, omi àti iyọ̀ nìkan ni. Wọn a fi ọwọ́ pò ó títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, wọn a fà á, wọn a sẹ́ ẹ po, wọn a tún fà á, ìgbà mẹ́jọ lórí ara wọn, títí ọ̀kan yóò fi di 256, tí yóò sì tín-ín-rín bí òwú. Wọn a sá a sínú oòrùn ní ìpele mẹ́ta lórí ara wọn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ rárá. Láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ọmọbìnrin ni ó ti ń bọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò ṣe é fún títà. Nígbà ọdún San Francesco ní Lula, àwọn olùjọsìn a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Nuoro lóru, ọ̀nà tí ó ju kílómítà 30 lọ. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀, wọn a bu su filindeu fún wọn nínú omi ẹran àgùntàn gbígbóná pẹ̀lú wàràkàṣì tútù. Bí a bá gbé oúnjẹ yìí sí ilé oúnjẹ olówó ńlá kan, ìyẹ̀fun àti omi kan náà ni yóò jẹ́. Ohun tí kò ní sí níbẹ̀ ni òru, ọ̀nà àti ẹsẹ̀ tí ó ń ro ni.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí nìyẹn. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹni tí ó bá lọ sí ilẹ̀ Ítálì tí ó sì ń wá ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò jẹ ẹ́ yó, yóò sì padà bí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ bèèrè pé, ta ló ni ọbẹ̀ yìí, kí ni ilẹ̀ yín ní, kí ni kò ní, ìgbà wo nínú ọdún ni ẹ ń jẹ ẹ́, òun ni wọn yóò fún ní ìjókòó nínú ilé. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò lè ba ìlú jẹ́, nítorí pé ó mọ̀ pé ará ilé ni ó ni àwo, inúrere ni wọ́n fi bù ú fún òun.

Bí ó bá sì padà dé ìlú tirẹ̀, kí ó ṣe ohun tí àwọn ìyàwó ilé ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Artusi. Kí ó lọ sí ìdáná ìyá rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó mú bírò àti ìwé, kí ó sì bèèrè. Ìyá ń darúgbó, iná sì ń kú lọ. Ẹni tí ó bá dúró kí àjèjì wá bá òun kọ ọbẹ̀ ilé òun sílẹ̀, kí ó má bínú bí àjèjì náà bá fi sìpàgẹ́tì sí i.